Ìkúnlẹ̀ tí mo kúnlẹ̀ lásán nítorí kọ̀ǹpútà Tanti Sálì

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mo ṣì ń fi apá aṣọ nu imú, ọ̀dọ̀ Tanti Sálì, àbúrò ìyá mi, ni mo ń gbé n'Igolo, lẹ́bàá bodè Nàìjíríà, lápá ibi tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Ó ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń bá àwọn èèyàn tẹ̀wé. Iṣẹ́ tèmi ni ká gbálẹ̀, ká pọnmi, ká nu eruku ara kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kúkú mọ̀: ẹni tó ń nu nǹkan ni wọ́n máa ń ní ó bà á jẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, iná lọ lójijì. Nígbà tó padà dé, ètò inú kọ̀ǹpútà tí Tanti fi ń tẹ̀wé á yọjú fìrí, á tún pòórá, bí aláǹgbá tó rí ológbò. Kí n tó mí, Tanti ti dá ẹjọ́.

"Ìwọ lo tẹ̀ ẹ́! Kúnlẹ̀, gbọ́wọ́ sókè!"

Mo kúnlẹ̀ sórí yanrìn ẹnu ọ̀nà, òórùn ẹja díndín aládùúgbò ń bá mi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe dé, ó gbé àyà síwájú bí ọ̀gá aṣọ́bodè. Kò tilẹ̀ jókòó. "Madame, ká kàn nu gbogbo inú ẹ̀ dànù." Gbogbo ẹ̀ kẹ̀! Ìwé àwọn oníbàárà ńkọ́? Tanti búra pé bí ìwé wọ̀nyẹn bá lọ, èmi náà á lọ: ó di oko ní Daagbé, kí n lọ máa bó gbágùúdá, ilé ìwé parí nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n Làmídì, ọlọ́kadà tó ti kọ́ kọ̀ǹpútà rí ní Kútọnu, wá gbé oníbàárà kan. Ó wò mí, ó mi orí.

"Tanti, ẹ ní sùúrù. Ṣé àwọn ètò yòókù ń ṣí?"

Wọ́n ń ṣí. Ó fi orúkọ mìíràn wọlé sínú kọ̀ǹpútà yẹn kan náà, bí ẹni pé Tanti kọ́ ló ń lò ó, ètò ìtẹ̀wé ṣí wẹ́rẹ́.

"Ẹ ò rí i? Ara ẹ̀ le. Fáìlì tó fi ń rántí bí ẹ ṣe fẹ́ kó máa ṣe ló bàjẹ́."

Ó wá a títí, ó rí i: fáìlì kékeré kan tí iná tó lọ ti sọ di òfìfo. Kò pa á rẹ́, ó kàn gbé e sápá kan. Ètò náà ṣí, ó sì ṣe òmíràn fúnra ẹ̀. Ìwé kan ò sọnù. Àmọ́ ó ti gbàgbé Faransé tí Tanti ní kó máa sọ, Gẹ̀ẹ́sì tó bá a dé láti Nàìjíríà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ.

"Yéè! Ó ti sá kọjá bodè!" ni Tanti wí. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi kọ́, ọwọ́ mi ṣì wà lókè.

Tanti ò bẹ̀ mí o. Ó ra àkàrà, ó ní, "Jẹun, ọmọdé kì í bínú." Mo jẹ ẹ́, mo sì bínú. Mo ṣì ń bínú. Ẹni tó ní ká nu gbogbo ẹ̀ dànù, tó fẹ́ torí eku kan sun ilé, ṣé ẹnì kan ní kó kúnlẹ̀?

Lóde òní ńkọ́? Bí fóònù ọmọ mi bá kọ̀ tí kò ṣí, ojú mi ló máa wò: "Maman, kí lẹ tẹ̀?" Láyé ìgbà yẹn, ọmọdé ló ń jẹ̀bi. Mo dàgbà tán, ayé yí padà, ó wá di pé àgbà ló ń jẹ̀bi. Ìgbà wo gan-an ló wá kàn mí láti jàre?