Bàbá Mi ní Téṣàn Etí Aṣálẹ̀

Òórùn ọ́ìlì rélùwéè tó gba imú mi ní Yábàá láàárọ̀ yìí rán mi létí ọ̀sán kan nígbà èwe mi, ní abúlé kékeré tí ojú irin parí sí, níbi tí aṣálẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́rì ló gbé èmi àti màmá mi débẹ̀ láti lọ mú bàbá mi wálé.

Ó dúró dè wá ní téṣàn nínú yúnífọ́ọ̀mù tó lọ̀ dáadáa, iyanrìn sì ti bo ojú irin lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọmọ abúlé ń fi í rẹ́rìn-ín. Mo rò pé inú wọn ń dùn ni.

Màmá mi bẹ̀ ẹ́ pé, “Bàbá Rónkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé.”

Ó ní, “Ta ló máa gba rélùwéè tó bá dé?”

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé wọ́n ti dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ tipẹ́.

Nígbà tí lọ́rì wa gbéra, bàbá mi gbé àsíá aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi ń ní kí rélùwéè máa lọ sókè fún wa. Mo pàtẹ́wọ́. Màmá mi ò bojú wẹ̀yìn, a ò sì rí bàbá mi mọ́.