Àtẹ́wọ́ Ìyá Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ùsò, kò sí ọmọ tó lè ta òkòtó bí èmi, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọmọ tí ìwé le fún tó mi. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí bí a ṣe ń pọnmi láàárọ̀, tí a ó fi ọbẹ̀ ilá gbé iyán àná mì ká tó sáré lọ síléèwé. Iyán a máa lọ geere lọ́fun mi. Ìwé ni kì í lọ. Bí mo bá tẹjú mọ́ ọ̀rọ̀, ńṣe ni gbogbo ẹ̀ á máa sá kiri. Tísà a pè mí ní olódo, á ní kí n kúnlẹ̀ kí n nawọ́ sókè.

Mo wá dọ́gbọ́n. Ohun tí àwọn yòókù bá kà sókè, èmi a há a sórí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n pe àwọn òbí, tísà ní kí n kàwé. Mo kà á láìṣìkan, mo ń fìka tọ̀ ọ́. Àṣé ojú ewé mìíràn ni mo ṣí! Tísà gbé ìwé náà sókè, gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ò mọ̀wé, ó rò pé wọ́n ń yìn mí ni. Ó dìde, òun nìkan, ó ń pàtẹ́wọ́: "Ọmọ mi nìyẹn o." Ojú tì mí débi pé mo gba ọ̀nà oko sálọ sílé, mi ò bá a rìn.

Lẹ́yìn náà ni Àǹtí kan dé láti Ọ̀wọ̀ láti máa kọ́ wa. Ó gbà pé ọ̀nà kan ò wọjà. Ó kọ ọ̀rọ̀ sára páálí wẹ́wẹ́, ó bi mí pé, "Bí o bá fẹ́ gbin iṣu, kí lo máa kọ́kọ́ ṣe?" Mo ní màá kọ ebè, màá fi èbù sí i, màá bò ó. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń kọ gbólóhùn: ẹni tó ṣe nǹkan á ṣáájú, ohun tó ṣe á tẹ̀ lé e, ohun tó ṣe é sí á kẹ́yìn. Mo to páálí mi: "Ìyá gbin iṣu." Ìtìjú ò jẹ́ kí n kà á fún ìyá mi títí ó fi kú.

Lónìí, ìwé le fún ọmọ mi náà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò pè é ní olódo. Nígbà tí wọ́n pe àwa òbí láìpẹ́ yìí, wọ́n ní kó fi páálí to gbólóhùn kó sì kà á, ó pẹ́ lórí rẹ̀ títí àwọn kan fi ń rẹ́rìn-ín lábẹ́lẹ̀. Mo dorí kodò. Nígbà tó yá, mo gbóhùn rẹ̀: "Bàbá gbé mi." Mo dìde, èmi nìkan, mo pàtẹ́wọ́.

Ọmọ yìí ò sá fún mi. Ó di ọwọ́ mi mú títí a fi délé. Ọwọ́ ìyá mi tí mi ò dì mú lọ́jọ́sí ni mò ń rò lọ́nà, ojú sì ń tì mí.