Aránwèé Tó Tọ́ Àwọn Ọ̀jọ̀gbọ́n Sọ́nà

Mo máa ń fọ́nnu. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ ìyangàn, kó yáa fi mí sílẹ̀ níbí, torí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo fẹ́ sọ, mi ò sì ní rọra sọ ọ́.

Ilé ìkàwé ńlá kan ló ti ń ṣiṣẹ́, nínú yàrá ẹ̀yìn tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Ìwé tó bá ti já ni wọ́n ń kó wá fún un. Á tú u, á fi gọ̀ọ́mù lẹ ibi tó ya, á wá fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán ewé rẹ̀ padà. Aránwèé ni gbogbo wọn ń pè é. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń tún ìwé ṣe fún àwọn ọ̀mọ̀wé, bẹ́ẹ̀ ìwé mẹ́fà péré lòun fúnra rẹ̀ kà. Ó fi ilé-ìwé sílẹ̀ kí èmi lè lọ ni.

Lẹ́yìn tó pé àádọ́ta ọdún, ó ní òun fẹ́ mọ bí àwọn èèyàn ilẹ̀ òkèèrè ṣe gbé ayé nígbà tí wọ́n ṣì ń fọwọ́ kọ gbogbo ìwé, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn.

Mo rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ fẹ́ kó lọ sọ́dọ̀ wọn ni?"

"Tí wọ́n bá ní yàrá tó ní fèrèsé, màá lọ."

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá a lórí ayélujára. Fíìmù àti idà oníke ni fóònù kọ́kọ́ ń kó jáde fún un, pẹ̀lú irọ́ lóríṣiríṣi. Ó wá ń bi ìkànnì kọ̀ọ̀kan bó ṣe máa ń bi ẹni tó bá gbé ìwé wá: ta ló ni ín, níbo ni ojúlówó rẹ̀ wà, ta ló ti yẹ̀ ẹ́ wò? Èyí tí kò bá rí i dáhùn, á pa á tì. Oṣù mẹ́ta kò tíì pé tó fi rí àwọn ilé ìkàwé tó ti ya fọ́tò ìwé àtijọ́ wọn láti èèpo dé èèpo, tí wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, tí wọ́n sì ṣí i sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ara páálí èèpo ìwé tó ti bàjẹ́ ló ń kọ àdírẹ́sì wọn sí.

Ó tún rí kíláàsì kan tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti ń kọ́ni ní ìtàn ìgbà náà. Ó fi orúkọ sílẹ̀. Wọ́n ní kò lè wọlé láìní ìwé ẹ̀rí.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre! Kí lẹ ń wá lọ sọ́dọ̀ àwọn agbéraga yẹn?"

"Ó dùn mí ni," ló wí. "Mo kàn fẹ́ jókòó lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n kọ́ èmi náà ní nǹkan."

Mo mọ ẹni tó jókòó sí àyè rẹ̀ nílé-ìwé.

Síbẹ̀ kò yéé ka àwọn ìwé tó rí. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí ìyá ilé kan kọ nípa ìtọ́jú ilé. Ó ń sọ̀rọ̀ aṣọ fífọ̀ lọ, ló bá já sórí ìtọ́jú aláìsàn, ó tún padà sórí aṣọ. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó ni kíláàsì yẹn náà ló kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé ó jọ pé orí obìnrin náà ti ń dàrú nígbà tó ń kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ò bá ẹ̀gbọ́n mi lára mu rárá. Ó tẹ àwọn fọ́tò náà sórí bébà, ó tò wọ́n sórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ránṣẹ́ pè mí.

"Wo ihò kòkòrò yìí. Kòkòrò tó ń jẹ ìwé kì í fo ewé kankan. Tó bá lu ewé kan, ibì kan náà ló máa lù lára èyí tó tẹ̀ lé e. Àmọ́ ihò ewé mẹ́ta yìí ò bá ti àwọn ará ẹ̀gbẹ́ wọn mu." Ó gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí ìparí ìwé. Ihò bá ihò mu wẹ́kú, ọ̀rọ̀ aláìsàn sì bá ọ̀rọ̀ aláìsàn. "Ẹni tó tún ìwé yìí rán ló ṣì í rán. Orí ìyá yẹn pé."

"Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wọn!"

"Wọ́n á ní kí ni mo mọ̀?"

"Ohun tí àwọn ò mọ̀ ni!"

Òun ń sọ, èmi ń tẹ̀ ẹ́. Mo fi èébú díẹ̀ há a láàárín, ó ní kí n yọ ọ́ kúrò.

Ọjọ́ kọkànlá ni ọ̀gá àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n náà fèsì. Wọ́n ti lọ ṣí ojúlówó ìwé náà, òótọ́ sì ni. Ó tọrọ àforíjì nítorí kíláàsì, ó ní ààyè ti wà fún un, ó sì béèrè orúkọ tí àwọn máa pè é lórí ìkànnì àwọn.

"Ẹ ní kí wọ́n kọ Ọ̀gá Àgbà," ni mo wí.

"Aránwèé ni kí wọ́n kọ."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́, ó wà níbẹ̀ kí gbogbo ayé rí i: aránwèé kan ló tún ewé wọ̀nyí tò. Mo ti fi han gbogbo ará ibi iṣẹ́ mi, àwọn tí kò béèrè pàápàá.

Lọ́jọ́ tí kíláàsì bẹ̀rẹ̀, mo yọjú sí yàrá rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n béèrè ìbéèrè nínú kọ̀ǹpútà, ẹ̀gbọ́n mi sì na ọwọ́ sókè gbọọrọ bí ọmọ ilé-ìwé. Omi bọ́ lójú mi. Ọkùnrin kan gbé ìwé jíjá dé, ó fẹ́ wọlé. Mo dínà mọ́ ọn.

"Ẹ dúró ná," ni mo wí. "Ẹ̀gbọ́n mi wà ní kíláàsì."