Hítà Ọkọ̀ Ìyá Lará

Nígbà tí Zulaikha sọ pé hítà ọkọ̀ òun kò ṣiṣẹ́, Oyèbámijí mẹkáníìkì rò pé òun kò gbọ́ ọ dáadáa ni.

"Ẹ́sì lẹ ní lọ́kàn, àbí?" ó bi í. "Ẹ́sì ni kò tutù?"

"Rárá, Bàbá. Ẹ́sì ń tutù dáadáa. Hítà ni mo sọ. Bí mo bá tàn án, atẹ́gùn tútù náà ló ń fẹ́."

Oòrùn aago mẹ́wàá ti mú ganrínganrín lórí Okokomaiko. Yínúsà, awakọ̀ takisí kan tó jókòó sórí ògbólógbòó táyà tó ń retí ọkọ̀ tirẹ̀, bú sẹ́rìn-ín, ó ní bóyá ìyá yìí fẹ́ máa yan ẹran nínú mọ́tò ni. Zulaikha kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó fi ọmọbìnrin kan tó jókòó síbẹ̀ hàn wọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò ju ti ọmọ ọdún mẹ́fà lọ, ẹyinjú rẹ̀ sì pọ́n bí ìyeyè.

"Lará nìyí. SS ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Òtútù ni ọ̀tá rẹ̀. Wọ́n ti gbé iṣẹ́ ṣọ́jà bàbá rẹ̀ lọ sí Jọ́ọ̀sì, a sì gbọ́dọ̀ kó kúrò ní báráàkì Ọ̀jọ́ kí oṣù yìí tó parí. Sátidé la máa gbéra. Gbogbo ẹni tó mọ ibẹ̀ ló ń sọ fún mi bí ọyẹ́ ṣe ń mú. Bí òtútù bá wọ egungun ọmọ yìí lójú ọ̀nà, ta ni mo fẹ́ ké sí nínú igbó?"

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Yínúsà. Oyèbámijí nu ọwọ́ sí àkísà, ó ní kí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Ọmọ Ìmẹ̀kọ ni Oyèbámijí. Ó ti pé ọdún méjìlélọ́gbọ̀n tó ti dé ìlú Èkó, tó kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí wọ́n ń pè ní Sùlè ní Ìyànà-Ìbà. Sùlè mọ iṣẹ́, kò sì mọ ìwé. Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń sọ tí kò jẹ́ kó tutù lẹ́nu rẹ̀: "Ohun tí kò bá sí nínú ọkọ̀, kò lè bàjẹ́." Ọ̀rọ̀ yìí ló fi kọ́ wọn pé bí tòkúnbọ̀ bá ti ti ọ̀dọ̀ òyìnbó dé, hítà ni kí wọ́n kọ́kọ́ yọ lẹ́nu iṣẹ́. Omi gbígbóná ẹ́ńjìnnì ló ń gba rọ́bà méjì lọ sínú hítà, bí rọ́bà ọ̀hún bá sì bẹ́ lójú pópó, ẹ́ńjìnnì á jóná. Kí ni ará Èkó fẹ́ fi hítà ṣe? Gé rọ́bà, so ó pọ̀, ó tán. Tamosítáàtì náà ńkọ́, ìdérí kékeré tó máa ń sé omi mọ́ títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná? Yọ ọ́ dànù. Kí omi máa ṣàn fàlàlà, kí ọkọ̀ máa tutù. Oyèbámijí gba ẹ̀kọ́ náà, ó gba fírídọ̀mù, ó fi kọ́ àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ tirẹ̀ pẹ̀lú. Kò sí ọjọ́ kan tó bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ọkọ̀ lè kúrò ní Èkó.

Ó tẹ orí sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Fáànù ń fẹ́ dáadáa. Bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń yí i sí pupa ń yí. Nígbà tó na ọwọ́ sẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, níbi tí rọ́bà méjèèjì yẹ kó ti wọlé sínú ọkọ̀, ó rí i pé wọ́n ti gé wọn, wọ́n sì ti fi ọ̀pá bàbà kékeré kan tó tẹ̀ kọdọrọ so wọ́n pọ̀.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró síbẹ̀.

Ọ̀pá fíríìjì ni ọ̀pá yìí. Ní gbogbo agbègbè yẹn, òun nìkan ló ń ra àjákù ọ̀pá fíríìjì ní Alaba tó ń fi í ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí kì í dípẹtà. Wáyà tó fi dì í sì wé lẹ́ẹ̀mẹta, kó tó ká orí rẹ̀ sínú, bí òun ṣe máa ń ṣe é gẹ́lẹ́.

"Ọwọ́ ta lẹ ti ra ọkọ̀ yìí?" ó béèrè láìgbé orí sókè.

"Ọwọ́ tíṣà kan ní Ìbà, ọdún kẹta nìyí. Ṣé ẹ ti rí i?"

"Mo ti rí nǹkan kan," ni Oyèbámijí wí. Ó rántí tíṣà náà. Ó rántí pé tíṣà béèrè nígbà náà pé, "Ṣé kò ní ìpalára?" tí òun sì dáhùn pé, "Ìpalára wo? Àánú lẹ ṣe ọkọ̀ yín yẹn."

Ó yọ ọ̀pá bàbà kúrò, ó wá rọ́bà tuntun méjì, ó so wọ́n padà sí ẹnu hítà. Wọ́n tan ọkọ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, rọ́bà tí omi ń gbà wọlé gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí kò ṣeé dì mú, ṣùgbọ́n èyí tí omi ń gbà jáde tutù rinrin. Ìyẹn ni pé inú hítà ti dí. Ó fi rọ́bà tẹ́ẹ̀rẹ́ da omi mímọ́ wọ inú rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó sì ń dà á léraléra. Omi dúdú ló kọ́kọ́ jáde, omi onípẹtà tẹ̀lé e, tó nípọn bí ọ̀gì bàbà. Ó lé ní wákàtí kan kó tó mọ́. Nígbà tó tún un dè, hítà ń fẹ́ lọ́wọ́ọ́wọ́, inú rẹ̀ sì ń dún pòlòpòlò.

"Atẹ́gùn ló há sínú omi," ó ṣàlàyé fún Zulaikha. Ó wa ọkọ̀ gun orí òkìtì kan kí imú rẹ̀ lè gbé sókè, ó ṣí ìdérí rẹdiétọ̀, ó ń bu omi sí i díẹ̀díẹ̀ títí ìdún náà fi dákẹ́.

Ó wá gbóná! Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sínú ọkọ̀ nínú oòrùn ọ̀sán, wọ́n ti gíláàsì pa, òógùn sì bò wọ́n bí ẹni tó jáde látinú odò. Lará na ọwọ́ méjèèjì síwájú láti àárín àga, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ṣé, Bàbá," ni Zulaikha wí. Ó ti ń wá àpò rẹ̀. "Ọlọ́run á bá yín ṣe é."

Níbi yìí ni ọkàn Oyèbámijí ti pín sí méjì. Ọkọ̀ dúró sójú kan, ó sì gbóná. Kò sí ẹni tó lè sọ pé òun kò ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ẹni tó gé rọ́bà hítà yìí kò fi tamosítáàtì sílẹ̀, nítorí òun ni ẹni náà. Bí obìnrin yìí bá lọ báyìí, Jọ́ọ̀sì ni yóò ti mọ̀. Jọ́ọ̀sì sì jìnnà.

"Ẹ jẹ́ ká fi sáré wò ná," ó ní.

Wọ́n bọ́ sí ọ̀nà Àgbádárìgì, wọ́n forí lé Ìjànikin, níbi tí ọ̀nà ti já gaara. Bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tí atẹ́gùn ń fẹ́ lu rẹdiétọ̀, ọwọ́ kékeré tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó ń sọ̀ kalẹ̀. Ìyá Lará kò wo ibẹ̀. Ọmọ náà ló sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ó ti ń tutù."

Oyèbámijí yà sẹ́bàá ọ̀nà, ó pa ọkọ̀. Ó gbé ọwọ́ lé ìdarí, ó ń wo iwájú.

"Ìyá Lará, ẹ má bínú. Nǹkan kan wà tó yẹ kó máa sé omi mọ́ kí ẹ́ńjìnnì lè gbóná. Kò sí níbẹ̀. Bí ẹ bá ń sáré nínú òtútù, hítà ò ní gbóná. Èmi ni mo yọ ọ́ nígbà tí ọkọ̀ yìí ṣì wà lọ́wọ́ tíṣà. Èmi náà ni mo gé rọ́bà."

Zulaikha yíjú sí i. "Ẹ̀yin?"

"Èmi ni."

"Kí lọkọ̀ náà ṣe yín?"

Ìdáhùn tí Oyèbámijí ti ń fún àwọn ènìyàn láti ọdún wọ̀nyí wá kò bá ẹnu rẹ̀ mu mọ́, pẹ̀lú bí ọmọ yẹn ṣe jókòó lẹ́yìn. Zulaikha kò sọ pé òun dárí jì í, kò sì bú u.

"Ẹ bá mi dá a padà," ó ní. "Sátidé ò jìnnà."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Oyèbámijí wọ ọjà àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Trade Fair. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà ló dé kó tó rí tamosítáàtì tó bá ọkọ̀ náà mu. Ọmọ Ìgbò tó tà á fún un gbọn eruku kúrò lára páálí rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Baba, since I open this shop, una mechanic people never buy this thing." Oyèbámijí kò bá a jiyàn. Ó ra méjì.

Ó dè é sínú ọkọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó rọ omi kúrò, ó fi kúláǹtì gidi, omi ẹ́ńjìnnì tí kì í jẹ́ kó dípẹtà, sí i, ó tún wà á dé Ìjànikin. Ọwọ́ kékeré náà gòkè dé àárín, ó dúró síbẹ̀. Hítà ń fẹ́ gbígbóná lọ, gbígbóná bọ̀. Ó fún Zulaikha ní èkejì kó fi pamọ́ sínú ọkọ̀, ó sì kọ́ ọ bí yóò ṣe máa wo omi láràárọ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, Zulaikha pè é láti Jọ́ọ̀sì. Ó ní àwọn ti dé. Ó ní bí àwọn ṣe ń gun òkè bọ̀ ní ìdájí, gíláàsì ọkọ̀ tutù débi tí kò ṣeé fọwọ́ kàn, ṣùgbọ́n Lará bọ́ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ nínú ọkọ̀, ó ní ooru ń mú òun.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà ni Yínúsà gbé takisí rẹ̀ wá. Ó ń gbóná jù, ó ní kí Bàbá yọ tamosítáàtì rẹ̀.

"Ó ti kú ni," ni Oyèbámijí wí lẹ́yìn tó yẹ̀ ẹ́ wò. "A ó pààrọ̀ rẹ̀. Mi ò ní yọ ọ́."

"Nítorí ọmọ yẹn? Bàbá, mi ò lọ sí Jọ́ọ̀sì o! Ìyànà-Ìbà ni mò ń ná."

"Mo mọ̀."

Yínúsà bínú, ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì, kò sì tó ogún ìṣẹ́jú tí wọ́n fi bá a yọ ọ́. Oyèbámijí ń wò wọ́n láti ìdí tábìlì rẹ̀. Kò dùn mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò pe Yínúsà padà. Ó mú fóònù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá nọ́ńbà àwọn oníbàárà àtijọ́, àwọn tí òun fúnra rẹ̀ rántí pé òun ti gé rọ́bà hítà wọn. Mọ́kànlá ló rí, ó sì pè wọ́n pé kí wọ́n wá kí òun tún hítà wọn so padà. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan kò tilẹ̀ rántí rẹ̀ mọ́. Obìnrin kan bi í bóyá owó ló ń wá. Méjì péré ló ní àwọn ń bọ̀.