Gbólóhùn Kẹrin

Bí ẹ bá gbọ́ ẹ̀rín láti ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé náà, kíláàsì kẹta ni, tíṣà wọn gan-an ló sì ń rín in. Ọdún kọkànlélógún rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ nìyí, ṣọ́ọ̀kì sì ti sọ apá ọ̀tún gbogbo aṣọ rẹ̀ di funfun. Ohun kan ṣoṣo ni kì í bá ọmọ ṣàwàdà lé lórí, ìyẹn ìwà ọ̀lẹ. Ọ̀lẹ ló sì pe Aláròyé fún odidi sáà méjì.

Aláròyé, ọmọbìnrin ọdún mẹ́jọ, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó mọ ìṣirò àfẹnuṣe ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Àmọ́ bí ìwé kíkà bá ti dé, ìtọ̀ á gbọ̀n ọ́n, tàbí kó ní òun fẹ́ nu pátákó. Ọ̀gá ilé-ìwé ti là á mọ́lẹ̀ pé bí sáà yìí bá parí láìsí ìyàtọ̀, kíláàsì kejì ló ń padà sí, lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀.

Láràárọ̀ ni wọ́n máa ń kàwé, ọmọ kan gbólóhùn kan, láti bẹ́ńṣì iwájú. Lọ́jọ́ kan, tíṣà ṣàdédé ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Nígbà tó kan Aláròyé, ó dìde, ó ka gbólóhùn kẹrin ketekete. Gbólóhùn kẹsàn-án ni wọ́n sì wà. Ni kíláàsì bá bú sẹ́rìn-ín.

Tíṣà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Àṣé ọmọ yìí ti ń ka iye àwọn tó ṣáájú rẹ̀, ó sì ń há gbólóhùn tirẹ̀ sórí lójoojúmọ́. Ọ̀lẹ wo ló ń ṣe irú làálàá bẹ́ẹ̀?

"Ta ló ń kà á fún ẹ?" ó bi í nígbà tí àwọn yòókù jáde lọ ṣeré.

"Àbúrò mi ni mà, lójú ọ̀nà. Tí mo bá ka ìlà kan tán, mi ò kì í mọ èyí tó kàn. Ṣe ni gbogbo wọn máa ń wọ́ lé ara wọn lórí."

Ojú ti tíṣà gidigidi. "Má bínú, ọmọ mi. Èmi ni mi ò wò ẹ́ dáadáa."

Ó pe olùkọ́ kan tó mọ̀ nípa àwọn ọmọ tí ìwé kíkà ń ni lára. Ìyẹn yẹ Aláròyé wò, ó ní ọpọlọ rẹ̀ pé, ọ̀nà tó ń gbà kọ́ ìwé ló yàtọ̀. Ni tíṣà bá gé páálí bàtà, ó la ojú tín-ín-rín sí i kí ìlà kan ṣoṣo lè máa hàn. Wọ́n ń fi ìka kọ lẹ́tà sínú yanrìn, wọ́n ń pè é bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ìwé tuntun tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí ni ọ̀gá gbé kalẹ̀. Òun náà kì í ṣe ọmọ àná. Aláròyé gbé páálí lé e, ó ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, ìtàn ewúrẹ́ kan tó já okùn. Ọ̀gá wo aago.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí aago sinmi," tíṣà wí.

Ní ìlà kẹta, ọmọ náà pe ọ̀rọ̀ kan, ó fa páálí padà sẹ́yìn, ó sì tún un pè bó ṣe yẹ.

"Ó ti ṣì í kà," ni ọ̀gá wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni sà, òun fúnra rẹ̀ ló sì rí i. Ẹni tó há ìwé sórí kì í padà lọ wò ó."

Ọ̀gá fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Kó máa bá ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Tíṣà, ẹ gé páálí yẹn sí i. Ó jọ pé àwọn mìíràn wà."

Inú tíṣà dùn gan-an. Ó bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà, ó ní, "Ṣé o gbọ́ ohun tí ọ̀gá sọ?"

Aláròyé kò gbójú sókè. Ó ti ṣí ojú ìwé kejì. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ dúró ná. Mi ò tíì mọ ibi tí ewúrẹ́ yẹn gbà lọ."