Ikọ́ Tí À Ń Kí Ní Pẹ̀lẹ́

Bí mo bá ti gbóòórùn pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa lẹ́yìn oríta Takie ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Káfíńtà kan tó wá láti Tógò ló gba ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé, yàrá ẹ̀yìn ibẹ̀ ló sì ń sùn. Lẹ́búlẹ́bú pákó á ṣì wà nínú irun rẹ̀ nírọ̀lẹ́ tí òun àti bàbá àgbà, bàbá tó bí bàbá mi, bá kojú síra wọn nídìí ọpọ́n ayò. Yunifásítì tó wà ní àdúgbò Under G ni mo ti ń kàwé nígbà náà, ṣùgbọ́n ilé ni mo ń sùn. Tí mo bá sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ẹ̀rín àwọn méjèèjì ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́.

Bí bàbá àgbà bá wúkọ́, gbogbo ilé ló máa ń dáhùn pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bàbá." Ikọ́ tábà la pè é, ta ni yóò sì la ẹnu sọ fún àgbàlagbà pé àrùn ń ṣe é? Nígbà tí káfíńtà náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ńṣe ni ìyá mi ń kó àwọn ọmọdé wọlé. Bàbá mi ní àwọn àjòjì ló ń kó ikọ́ ife wọ̀lú, ó sì ní kí káfíńtà kó ẹrù rẹ̀ jáde. Bẹ́ẹ̀, owó tí bàbá àgbà rí nídìí òwò ní Gánà ló fi kọ́ ilé ọ̀hún. Òun náà ti ṣe àjòjì rí. Ó kàn béèrè pé, "Ta ni yóò wá máa bá mi tayò?" Káfíńtà gba Ọ̀yọ́ lọ.

Ìgbà tí bàbá àgbà wúkọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá a jáde la tó gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ikọ́ ife ni. Nọ́ọ̀sì bi wá pé ìgbà wo ló ti ń wúkọ́, ìyá mi sì ní ó ti pẹ́, pé ó ti ń wú u kí káfíńtà tó gba ṣọ́ọ̀bù. Bó ti sọ ọ́ tán ló sorí kọ́. Wọ́n yẹ gbogbo wa wò, kò ràn wá. Nọ́ọ̀sì tún béèrè ẹni tó máa ń jókòó tì í jù. A mọ ẹni náà.

Ojú ń ti bàbá mi, èmi ló rán sí Ọ̀yọ́. Mo bá káfíńtà nídìí iṣẹ́. Ó ti rù, ẹ̀wù ti gbà á láyè jù. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tò jọ nínú ọkọ̀ ló fò lọ. Mo kúnlẹ̀, mo sọ fún un pé ó jọ pé ilé wa ló ti kó ikọ́ tí a torí ẹ̀ lé e jáde, pé kó jọ̀ọ́, kó lọ yẹ ara rẹ̀ wò.

Ó gbé ayùn ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Bàbá ńkọ́? Ṣé wọ́n ti ń lo oògùn?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ikọ́ gbé e, ó sì yára kọjú sí ògiri, ó fi apá bo ẹnu, bí ẹni tí wọ́n ti lé jáde rí.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ni mo wí.

Ó yíjú padà, ó wò mí. "Àbúrò, ẹ ò kí mi bẹ́ẹ̀ rí nílé yín."

Oògùn wo àwọn méjèèjì sàn, ṣùgbọ́n káfíńtà kò padà wá mọ́, a ò sì lẹ́nu láti bẹ̀ ẹ́. Bàbá àgbà ń dá ayò ta. Títí dòní, bí mo bá kí ẹnikẹ́ni ní pẹ̀lẹ́, ojú máa ń tì mí, nítorí mo mọ ẹni tí a ò kí.