Ọwọ́ Bàbá Atẹ̀wé Lórí Àpáta

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni bàbá mi fi dúró ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ariwo rẹ̀ ló sì ba etí wọn jẹ́. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, etí ọ̀tún ti di pátápátá. Lọ́dún tó kọjá, tòsì náà di. Láti ìgbà náà, inú yàrá ni wọ́n ń jókòó sí, tí wọ́n ń tún ìwé tí wọ́n tò lánàá tò. Bí àlejò dé, wọn ò ní jáde. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa pariwo mọ́ àwọn bí ẹni ń lé ewúrẹ́.

Mo jẹ́wọ́, mi ò ní sùúrù. Èmi gan-an wà lára àwọn tó ń pariwo.

Ìyá mi ló ní ká lọ wo omi ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ tó ń já bọ́ láti orí àpáta nínú igbó lẹ́yìn ìlú. Ibẹ̀ ni àwọn méjèèjì máa ń lọ nígbà tí wọ́n ń fẹ́ra. Mo kọ ọ́ sórí bébà, bàbá mi sì kà á.

"Ó dáa," ni wọ́n wí. "Ariwo ibẹ̀ yẹn, òkú gan-an á gbọ́ ọ. Bí mi ò bá gbọ́ ìyẹn, ẹ má mú mi jáde mọ́."

Mo lọ gbé bàtà wọn wá.

Ọ̀nà náà ò jìn, kò tó ogún ìṣẹ́jú, ó sì tẹ́jú. Ìyá mi ń lọ níwájú, wọ́n dé fìlà bàbá mi. Èmi àti ìyá mi ti ń gbọ́ omi náà kí a tó rí i. Bàbá mi ṣì ń wo ẹsẹ̀ wọn.

Nígbà tí a débẹ̀, omi ń dà láti òkè, ó ń ta sí wa lójú. Bàbá mi tẹ́tí òsì, wọ́n tẹ́ tọ̀tún. Wọ́n mi orí.

"Kò sí nǹkan kan. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

Mo lanu láti pariwo. Ìyá mi fi ìgbúnwọ́ gún mi níhàá: "Pa ẹnu ẹ mọ́, jàre!" Wọ́n di ọwọ́ bàbá mi mú, wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ náà mọ́ àpáta tútù tí omi ń dà lé lórí. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe ń ṣe nílé ìtẹ̀wé. Ariwo kì í jẹ́ kí wọ́n gbọ́ra, nítorí náà àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n ń gbé lé ara ẹ̀rọ kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ń lọ dáadáa. Ìyá mi máa ń gbé oúnjẹ lọ síbẹ̀, wọ́n sì ti rí i láìmọye ìgbà.

Bàbá mi di ojú.

"Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa," ni wọ́n wí. "Kò sí nǹkan tó tú lára ẹ̀."

"Ta ló ní kí wọ́n wá tún un ṣe?" ni ìyá mi bi mí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ lójú wọn. Ẹni tó bá mọ inú rò á mọ ọpẹ́ dá. Mo dúpẹ́ fún ìyá tó rántí ohun tí èmi gbàgbé.

Bàbá mi fà mí mọ́ra, wọ́n gbé ọwọ́ tútù náà lé mi lẹ́yìn. "Sọ̀rọ̀. Má pariwo o."

"Ẹ ṣé, Bàámi," mo rọra wí. "Ẹ ṣé tí ẹ tẹ̀lé wa wá."

Wọn ò mọ ohun tí mo sọ, ṣùgbọ́n wọn ò gbé ọwọ́ náà kúrò.

"Ohùn ẹ wọlé sí mi lọ́wọ́," ni wọ́n wí. "Bí àlejò bá dé lọ́la, ẹ wá fọwọ́ kàn mí."